ÀLÀYÉ: Bí Google Drive yín kò bá ṣí mọ́, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe àti ẹni tí kò yẹ kí ẹ fún ní kóòdù yín

Bí ènìyàn bá kọ ọ́ sórí Facebook tàbí X pé òun kò lè wọlé sórí Google Drive òun mọ́, kì í pẹ́ tí èsì fi máa ń rọ́ wọlé sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan á ní òun mọ ògbóǹtarìgì kan tó bá òun gba àkáǹtì padà láàárín wákàtí kan. Òmíràn á fi nọ́ńbà WhatsApp sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí onítọ̀hún sanwó díẹ̀, kí ó sì fi kóòdù tí Google bá fi ránṣẹ́ sí i ṣọwọ́ sí òun.

Ohun tó wà nínú irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré: ìwé ẹ̀rí, èsì ìdánwò WAEC, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, àkọsílẹ̀ ọjà, àwòrán òbí tó ti dolóògbé. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù fi máa ń mú kí ènìyàn gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Nínú àlàyé yìí, a ó wo bí a ṣe ń wọlé sórí Google Drive, ohun tó sábà máa ń díni lọ́wọ́, àti àhesọ tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún.

Àkáǹtì kan ṣoṣo ló ń ṣí gbogbo rẹ̀

Google Drive jẹ́ ibi ìpamọ́ orí ayélujára. Kò ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì Gmail àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń ka ímeèlì yín náà ló ń ṣí Drive, Google Photos àti YouTube. Ààyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni jẹ́ 15GB, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń lò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá rí páásíwọ́ọ̀dù Gmail yín gbà ti rí ọ̀nà dé ibi gbogbo tó kù.

Láti wọlé, ẹ ṣí áàpù Drive, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ drive.google.com. Ẹ má ṣe gba inú líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín wọlé. Tí ẹ bá ń lo bíráúsà, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè kí ẹ tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù: accounts.google.com ló yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ orúkọ mìíràn, bí ọ̀rọ̀ náà "google" tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ jáde kíá.

Àwọn ìṣòro tó wọ́pọ̀

*Ó ń kọ "You need access".* Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé wọ́n ti gba àkáǹtì yín. Bí ẹ bá ní Gmail méjì tàbí mẹ́ta lórí fóònù kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa fi èyí tí kì í ṣe ti fáìlì náà ṣí i. Ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì yí i padà sí èyí tó tọ́. Bí fáìlì bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín tàbí ẹni tó ní àṣẹ láti pín in ló lè fún yín láyè.

*Ẹ ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù.* Ẹ lọ sí accounts.google.com/signin/recovery, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín. Ìmọ̀ràn Google ni pé kí ẹ lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti máa ń lò tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú bíráúsà tí ẹ máa ń lò, níbi tí ẹ sábà máa ń wà, bí ilé tàbí ibi iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré lọ sí káfé lọ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kò lò rí lè máa dá kún ìṣòro ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fo ìbéèrè kankan. Bí wọ́n bá bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹ tẹ èyí tí ẹ bá rántí. Ẹ kíyè sí lẹ́tà ńlá àti kékeré pẹ̀lú.

*Kóòdù kò dé.* Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ní Nàìjíríà nìyí, nítorí ọ̀rọ̀ síìmù. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n lè ti láìnì tí a kò fi ṣe ohun tó ń mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín lè pàdánù nọ́ńbà náà, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì Google yín, ọwọ́ àjèjì ni kóòdù yín yóò máa lọ. Bí síìmù bá sọnù, ẹ tètè lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni láìnì náà lọ gba òmíràn sórí nọ́ńbà kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ ímeèlì ni ẹ ń retí, ẹ wo inú fódà Spam.

*Kóòdù inú áàpù Google Authenticator kò ṣiṣẹ́.* Ẹ wo aago fóònù yín. Àkókò ni áàpù náà fi ń ṣe ìṣirò kóòdù, bí aago bá sì ti yẹ̀, kóòdù kò ní bá ara mu. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa ṣètò aago fúnra rẹ̀.

*Àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ ni.* Ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, nítorí àwọn ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jáde ní yunifásítì, ẹ kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ti àkáǹtì náà.

Àhesọ tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Àhesọ 1: Ibi ìpamọ́ yín ti kún. Ẹ tẹ líǹkì yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó pa gbogbo àwòrán yín rẹ́ lónìí.

Èsì: Irọ́ ni. Bí 15GB bá kún, ẹ ṣì lè wọlé, ẹ sì lè wo fáìlì yín. Ohun tí ẹ kò ní lè ṣe ni kí ẹ fi fáìlì tuntun sí i, Gmail yín náà kò sì ní lè gba ímeèlì tuntun tàbí kí ó fi ránṣẹ́. Lábẹ́ òfin tí Google bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní June 1, 2021, àyàfi bí ààyè yín bá kọjá ìwọ̀n fún ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi lè pa nǹkan rẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òòjọ́.

Àhesọ 2: Google ń pa àkáǹtì àwọn ènìyàn rẹ́.

Èsì: Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ní May 2023, Google kéde pé òun lè pa àkáǹtì aládàáni tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́, láti December 2023. Àkáǹtì tí ẹ ń lò kò sí nínú rẹ̀. Google sì máa ń kọ̀wé sí àkáǹtì náà àti ímeèlì ìrànwọ́ rẹ̀ kí ó tó pa á rẹ́. Bí ẹ bá ní Gmail àtijọ́ tí àwòrán wà nínú rẹ̀, ẹ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àhesọ 3: Òṣìṣẹ́ Google lè bá yín gba àkáǹtì padà bí ẹ bá sanwó.

Èsì: Irọ́ ni. Google sọ ọ́ kedere pé òun kò bá ilé iṣẹ́ kankan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùrànwọ́ lórí àkáǹtì tàbí páásíwọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún irú wọn ní páásíwọ́ọ̀dù tàbí kóòdù. Kóòdù tí "ògbóǹtarìgì" náà ń béèrè gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Òun ló máa fi wọlé, òun ló sì máa fi tì yín síta.

Bí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ yín

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Bí olè bá yí nọ́ńbà tàbí ímeèlì ìrànwọ́ yín padà, Google ṣì lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí ti àtijọ́ fún ọjọ́ méje. Ojú ìwé ìgbàpadà tí a dárúkọ lókè náà ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ lọ sí myaccount.google.com, ẹ tẹ Security, kí ẹ sì yọ gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀ kúrò. Ẹ tún kìlọ̀ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, kí wọ́n má bàa fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi orúkọ yín tọrọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí

- Ẹ wo nọ́ńbà àti ímeèlì ìrànwọ́ tó wà nínú àkáǹtì yín. Bí ẹ kò bá lò wọ́n mọ́, ẹ pààrọ̀ wọn.
- Ẹ tan ààbò onípele méjì, kí ẹ sì gba kóòdù àfipamọ́. Mẹ́wàá ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé. Àwọn ni yóò gbà yín bí síìmù bá sọnù.
- Bí ó bá di dandan kí ẹ lo kọ̀ǹpútà káfé, ẹ lo fèrèsé Incognito, kí ẹ sì tì í pátápátá nígbà tí ẹ bá parí.
- Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì sí ibòmíràn. Kò dára kí a kó gbogbo ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Àkótán

Ọ̀fẹ́ ni ètò tí a fi ń gba àkáǹtì Google padà, orí ìkànnì Google fúnra rẹ̀ ló sì wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó tàbí kí ẹ fún òun ní kóòdù kò fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú ìṣòro, ẹ kìlọ̀ fún un kí ó tó dáhùn.