Iṣẹ́ Ló Ń Sọ Bí Ẹnu Ṣísẹ́ẹ̀lì Yóò Ti Rí

Kò sí ẹni tí í fi ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ la igi ìdáná. Ọmọdé ilé pàápàá mọ̀ pé ẹnu ọ̀bẹ náà yóò kán. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí í fi àáké rẹ́ ẹ̀fọ́, bó ti wù kí àáké ọ̀hún mú tó. Alágbẹ̀dẹ kan náà lè rọ méjèèjì. Ẹnu wọn ló yàtọ̀: ti ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, ó ń tètè wọlé, ti àáké nípọn, ó ń gba ìyà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣísẹ́ẹ̀lì káfíńtà ti rí nìyẹn. Ẹ̀yìn irin náà tẹ́jú, iwájú rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ títí tó fi pàdé ẹ̀yìn. Igun tí wọ́n ti pàdé yẹn ni à ń fi dígírì wọ̀n. Bó bá kéré, irin á rọrùn láti tì wọ inú igi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á tètè bàjẹ́. Bó bá tóbi, ẹnu á lágbára, ṣùgbọ́n ọwọ́ á ṣiṣẹ́ kó tó wọlé.

Ṣísẹ́ẹ̀lì tí a ń fi ọwọ́ nìkan tì láti fá igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè wà láàárín dígírì 20 sí 25. Èyí tí a ń lò fún oríṣiríṣi iṣẹ́, 30 bá a mu. Èyí tí a ń fi òòlù gbá láti lu ihò sínú igi líle, 35 ni yóò jẹ́ kó pẹ́. Ìrókò tilẹ̀ máa ń ní òkúta líle nínú ara rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹnu fẹ́lẹ́ tó bá lọ bá a níbẹ̀ kò ní lọ láìfarapa.

Rúlà lásán tó láti fi mọ igun yìí. Ẹ wọn bí irin náà ti nípọn tó, kí ẹ wá wọn gígùn ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Bí gígùn yẹn bá jẹ́ ìlọ́po méjì nínípọn irin, dígírì 30 ni. Irin tó nípọn ní mìlímítà 3, gẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò gùn ní 6. Bó bá ju 7 lọ díẹ̀, 25 nìyẹn.

Fún pípọ́n igun tí a fẹ́, ohun èlò kékeré kan wà tó ń di ṣísẹ́ẹ̀lì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó sì ní kẹ̀kẹ́ kan lábẹ́ tó ń yí lórí òkúta ìpọ́n. Pẹ̀lú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, bí irin bá yọ síwájú ní mìlímítà 40, igun rẹ̀ á jẹ́ 25; bó bá yọ ní 30, igun á di 30.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà ń pa igun méjèèjì pọ̀: wọ́n á fi ẹ̀rọ pọ́n gbogbo gẹ̀rẹ̀ náà sí 25, wọ́n á wá fi òkúta pọ́n góńgó ẹnu nìkan sí 30. Ìyẹn kì í gba àkókò. Nídìí ẹ̀rọ, ẹ máa ri irin bọ omi lóòrèkóòrè, nítorí ẹnu tó bá gbóná títí tó fi yí àwọ̀ padà sí búlúù ti rọ̀, kò ní lè mú pẹ́ mọ́.

Kí ẹ tó gbé irin lé òkúta, ẹ kọ́kọ́ mọ igi tí irin náà fẹ́ gé, kí ẹ sì mọ̀ bóyá òòlù yóò bà á. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ti mọ igun tó yẹ kó pọ́n.