Ẹja Tó Ń Jẹ Ọbẹ̀ Odò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, lónìí, n kò ní sọ̀rọ̀ gírámà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá.

Lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi àti ọmọ-ọmọ mi ra àpótí dígí kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a ra ẹja Otocinclus márùn-ún sínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mẹ́rin fi kú. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé èmi ni mo pa wọ́n ni?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi lọ sídìí ìwé.

Ẹbí ẹja àrọ̀ ni Otocinclus, ṣùgbọ́n kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé rẹ̀. Loricariidae ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Inú lorica, tí àwọn ará Róòmù ń pe ẹ̀wù ogun wọn, ni wọ́n ti fà á yọ, nítorí egungun líle ló bo ara ẹja wọ̀nyí. Ohun tó ń jẹ ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta inú omi, èyí táwọn àgbà ń pè ní ọbẹ̀dò. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ọbẹ̀ + odò. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ odò la pa jẹ. Ọbẹ̀ odò ni lóòótọ́!

Ibẹ̀ gan-an la ti ṣìṣe. Dígí tuntun mọ́ tónítóní, kò sí ọbẹ̀ kankan níbẹ̀. Inú odò ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja yìí, ebi sì ti máa ń pa wọ́n kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Yàtọ̀ sí ebi, bakitéríà tó ń sọ amóníà tó ń jáde lára ẹja di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ nínú omi tuntun. Ìyẹn máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n, ẹ ṣe sùúrù fún bí oṣù méjì, kí dígí ti máa yọ̀ díẹ̀. Ẹ ra tó mẹ́fà, nítorí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó rìn. Ẹ wo ikùn wọn ní ṣọ́ọ̀bù: èyí tí ikùn rẹ̀ bá wọnú, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ìgbóná omi wà láàárín ìwọ̀n 22 sí 26 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn tó ń pa kílórínì sí omi ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á sí i. Bí ọbẹ̀dò bá tán, ẹ fún wọn ní kùkúḿbà tàbí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀; ẹ yọ àjẹkù kó tó ba omi jẹ́.

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé kì í ṣe òun. Èmi tí mo kánjú ni. A dúró, a sì ra márùn-ún mìíràn kún ọ̀kan tó kù. Láràárọ̀ ló ń ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó tó lọ síléèwé.

Kí ni wọ́n ń pe ọbẹ̀dò lágbègbè tiyín? Ẹ kọ̀wé sí mi o.