Ṣé o mọ̀? Irin inú ẹ̀jẹ̀ a máa kọjá ìwọ̀n

Ṣé o mọ̀, ìwọ ọmọ Bóni nílùú Ṣábẹ, pé irin, ohun ìní Ògún Lákáayé, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, tí gbogbo rẹ̀ nínú ara àgbàlagbà kò sì ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, bí ìṣó kan péré, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń bá wa gbé èémí káàkiri ara? Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́: ara kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà da àpọ̀jù irin nù, mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ó ń bọ́ lára wa lóòjọ́.

Láàrin àwọn ará àríwá Yúróòpù, àjogúnbá ni àrùn àpọ̀jù irin. Ọdún 1996 ni a rí àbùdá tí ó ń fà á, ẹ̀jẹ̀ ni a sì ń fà dànù láti wò ó.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn wà tí irin fi ń pọ̀ jù lára. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń gba nǹkan bíi mílígíráàmù 200 sí 250 irin nínú àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí a bá fà sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ náà ń gba ẹ̀mí là. Bí ó bá di léraléra, irin a ba sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Oògùn wà tí ń kó o jáde. Àánú ìyá tí ń ra oògùn amẹ́jẹ̀pọ̀ onírin fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a máa ṣe mí gidigidi.