Kí Wọ́n Tó Kó Ẹrù Yín Síta: Ìwé Ìlàlóye fún Ayálégbé ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Bí ẹ tilẹ̀ jẹ owó ilé, láńlọ́ọ̀dù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí páànù orí ilé, láti yọ ilẹ̀kùn, tàbí láti rán àwọn ọmọ àdúgbò sí yín. Kóòtù nìkan ló lè ní kí ẹ kó jáde. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lélẹ̀ fún ẹni tó bá dán an wò.

Òfin yìí dé gbogbo Ajégúnlẹ̀, títí kan yàrá kan ṣoṣo nínú ilé face-me-I-face-you. Ó yọ Àpápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ẹ̀yin ará Àpápá, ẹ má tìtorí ìyẹn gbà fún ẹni tó bá fẹ́ fipá lé yín. Ilé kan ní Ìkòyí ni ẹjọ́ Ojúkwu àti ìjọba Èkó dá lé lórí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ ní 1986 pé ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ fagbára gba ilé tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú adájọ́.

Lákòókò Kòrónà, ìjọba Amẹ́ríkà ya owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 46 sọ́tọ̀ láti bá ayálégbé san gbèsè owó ilé. L'Ékòó ní tiwa, ẹ má retí irú owó bẹ́ẹ̀; onílàjà àti agbẹjọ́rò ni owó ìjọba ń gbé dìde fún yín: Citizens' Mediation Centre ń parí ìjà onílé àti ayálégbé, Office of the Public Defender sì ń gba ẹjọ́ aláìní rò. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹ tètè lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù mọ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nígbà tí iṣẹ́ kò wọlé. Lábẹ́ òfin 2011 náà, bí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, nótíìsì oṣù kan ló tọ́ sí ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà sì ni ti ọlọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí gbèsè olóṣooṣù bá ti pé oṣù mẹ́fà, àdéhùn náà ti kú lójú òfin. Kí láńlọ́ọ̀dù ṣáà fìdí gbèsè múlẹ̀ ni, kóòtù yóò dá ilé padà fún un. Níwájú onílàjà, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ ṣì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mú rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti nótíìsì dání. Òfin náà pa á láṣẹ fún láńlọ́ọ̀dù láti fún yín ní rìsíìtì. Bí kò bá fún yín, ẹ gba báńkì sanwó, kí ẹ sì tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀.