Ọmọ Yín Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú ní Yunifásítì: Ẹ Má Tíì Bínú

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò JAMB bá ti ń sún mọ́lé ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí. Bàbá ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí pé dókítà tàbí lọ́yà ni ọmọ òun yóò dà. Ìyá ti ń dá àjọ nítorí owó ilé-ìwé. Àfi kí ọmọ kúnlẹ̀ kí ó ní ìmọ̀ ìṣèlú ni òun fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ dé! "Ìṣèlú kẹ̀? Ṣé kí o lè máa bá wọn gbé àpótí ìbò sá kiri ni mo ṣe ń jókòó sínú oòrùn ọjà?" Báyìí ni òbí mìíràn ń pariwo, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí ohun tí ojú wa ti rí lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú kò kéré.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ẹni tí ń kọ́ nípa àrùn kì í ṣe aláàrùn. Ìṣèlú ṣíṣe lọ́tọ̀, ìmọ̀ ìṣèlú lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin ni bí àṣẹ ṣe ń dé ọwọ́ ènìyàn, bí a ṣe ń lò ó, àti ohun tí ń gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè, bí a ṣe ń dìbò àti bí a ṣe ń kà á, bí ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe ń rìn, àti bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá èkejì lò. Ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí yóò bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ka ìdáhùn wọn. Ní ọdún ìkẹyìn, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ṣe ìwádìí kan, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé ìmọ̀ òyìnbó pátápátá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Al-Mawardi, alikálì tó kú ní Bagdad ní 1058, kọ ìwé ńlá kan lórí òfin ìṣàkóso ìlú, ó sì ya orí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹni tí ń bójú tó ọjà, tí ń wo òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n kí oníṣòwò má bàa rẹ́ aláìní jẹ. Nítòsí wa níhìn-ín, Al-Maghili tó ti Tlemcen wá kọ ìwé ìmọ̀ràn fún Muhammad Rumfa, ọba Kano, ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, lórí bí ọba ṣe yẹ kó ṣe ìjọba.

Ṣùgbọ́n Ibn Khaldun ni ẹ̀yin oníṣòwò yóò fẹ́ràn jù. Tunis ni a bí i sí ní 1332, ó sì kú sí Cairo ní 1406. Nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Muqaddimah, tí ó kọ ní 1377, ó ṣàlàyé pé nígbà tí ìjọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré, síbẹ̀ àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí ara àwọn ènìyàn yá sí iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba bá gbó, tí àwọn aláṣẹ ti mọ ayé jẹ, wọn a máa bu owó lé owó títí apá àwọn tálákà yóò fi rọ, àpapọ̀ tí wọ́n ń rí yóò sì máa dínkù. Ó tún kìlọ̀ pé kí ọba má ṣe dá òwò sílẹ̀, nítorí tálákà kò lè bá ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúnàádúrà. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tó ti kọ èyí! Ẹni tó bá sì ti já tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lójúmọ́ kan nínú ọjà kan ṣoṣo kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa náà kò sùn. Ní 1975, Peter Ekeh, tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n ṣì ń kà kárí ayé títí di òní. Ó ní ọ̀nà méjì ni ohun àjùmọ̀ní pín sí lọ́dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kan ni ti ìdílé, ti ìlú àti ti ẹgbẹ́ wa, tí ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Èkejì ni ti ìjọba, tí àwọn òyìnbó gbé wá, tí a kà sí ohun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bí ó ti rí láàárín wa. Bí akápò ẹgbẹ́ Àsàlátù bá jẹ owó ẹgbẹ́, ilé ni yóò ti máa kírun, nítorí kò ní lè gbójú sókè ní mọ́sáláṣí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba bá kó èyí tó ju ìyẹn lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, tó sì fi díẹ̀ tún òrùlé mọ́sáláṣí ṣe, iwájú ni a ń sún un sí, a tún ń wá oyè fún un. Ekeh kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá ni. Èmi rò pé ìwé kan yìí tó ìdí tí ọmọ Mùsùlùmí fi yẹ kó jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún mú un wá sí ẹnu ìṣọ̀. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi tí a ti ń pa ẹran mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe mú un dání mọ́. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa ló ní ẹni tó lè ka irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì lọ bi alága ìjọba ìbílẹ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà wa dà?

Nípa iṣẹ́, a kò ní tan yín. Ìwé ẹ̀rí yìí kò dà bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí ti apoògùn, tí iṣẹ́ kan pàtó ti ń dúró de ẹni tó bá gbà á. Ọmọ ni yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀: iṣẹ́ ìjọba, ìwé ìròyìn, olùkọ́, iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba ní òkèèrè, àjọ tí ń ṣètò ìbò. Ọ̀lẹ ọmọ tó gbà á nítorí pé ó rò pé ó rọrùn yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú un ní ọ̀kúnkúndùn a máa lọ jìnnà. Attahiru Jega gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria. Òun ni alága àjọ INEC láti 2010 títí di 2015, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ààrẹ tó wà lórí àga ti kọ́kọ́ pàdánù ìbò ní Nàìjíríà. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, kàwé nínú ìmọ̀ kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà; ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1984 sí 1985, kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Bí ẹ bá ti gbà fún ọmọ, ẹ tètè múra. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọn yóò béèrè, Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń béèrè ìṣirò pẹ̀lú. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìmọ̀ Ìjọba tàbí Ìtàn ni òpó. Méjì yòókù, kí ọmọ wo ìwé àlàyé JAMB fún yunifásítì tó wù ú, nítorí wọn kì í bára dọ́gba. Ẹni tó bá ní NCE tàbí ìwé ẹ̀rí A-level tó dára lè gba ọ̀nà Direct Entry, kí ó lo ọdún mẹ́ta dípò mẹ́rin. Ọmọ tó ti ilé kéú wá kò gbọdọ̀ ju èdè Lárúbáwá rẹ̀ nù, nítorí èdè náà ni Usman dan Fodio àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé wọn lórí ìjọba Sókótó. Bí ó bá sì lè fi Faransé kún un, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kútọnu àti Lomé mọ ohun tí mo ń sọ.