Mílíìkì: Ṣé Oore Ni Tàbí Àìsàn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ẹran-ọ̀sìn, tí ó sì fi wàrà sí inú wọn fún àǹfààní ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ìjọ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ mílíìkì ń fa àríyànjiyàn láàárín wa. Àwọn kan ní òun ni ọba oúnjẹ. Àwọn mìíràn ní inú ni ó ń dà rú, pé kí Yorùbá jìnnà sí i. Àwa ará Ìsọlọ̀ kò lè fojú fo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate níhìn-ín ni ilé iṣẹ́ Promasidor wà, àwọn tí wọ́n ń ta Cowbell ní Nàìjíríà láti 1993. Àpò pélébé kékeré ni wọ́n fi mú mílíìkì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara àṣìṣe tiwa. Nínú oṣù Ràmàdáánì kan, tíì oní-mílíìkì àti dàbínù ni a fi ń ṣínu ní mọ́sálásí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan a máa di inú mú jáde láàárín ìrun tàráwíhì. A bá a wí pé ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ ni ó wá sọ fún wa pé ọjọ́ tí ọmọ náà kò bá mu mílíìkì, inú kì í run ún. Ojú tì wá, a sì bẹ ọmọ náà.

Kí ni ó fà á? Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ń jẹ́ lactose. Kí ara tó lè lò ó, ohun kan nínú ìfun tí ń jẹ́ lactase gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́. Ọmọ ọwọ́ ní i púpọ̀, nítorí ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ó ń dínkù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé. Ṣúgà náà yóò wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá bí ó ṣe wà; inú yóò wú, yóò máa kùn, ìgbẹ́ olómi yóò sì tẹ̀ lé e.

Ní 1971, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tí ó di Mínísítà fún Ìlera ní 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n rí i pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ àgbà Yorùbá kò lè lo ṣúgà yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ara ọ̀pọ̀ Fúlàní lè lò ó. Ìran Fúlàní ti ń sin màlúù, wọ́n sì ti ń mu wàrà rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé Ọlọ́hun kò yin wàrà nínú Súrátù Nahl ni? Ó yìn ín. Oore ni, ó ń mú ara dàgbà, ó sì ń mú egungun le. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ranyàn. Wọ́n gbé alángbá aṣálẹ̀ síwájú Ànábì, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, kò jẹ ẹ́. Síbẹ̀ kò ṣe é ní èèwọ̀, Khalid bin Walid sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí:

1. Ẹni tí mílíìkì ń dà nínú rú, kí ó mu díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn gba ìwọ̀nba. Lílọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun kò yọ ṣúgà náà.

2. Wàrà Fúlàní àti nónò rọrùn fún inú jù. Omi tí a sẹ́ kúrò lára wàrà ni ó kó púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ. Kíkan nónò sì ń dín in kù. Kí a rí i pé a se mílíìkì rẹ̀ kí ó tó kan.

3. Ẹni tí kò lè mu ún rárá, ẹ̀wà sóyà, ewédú àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun wà.

4. Mílíìkì inú àpò tí wọ́n fi ọ̀rá èso igi rọ́pò ọ̀rá màlúù kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ọmú ìyá nìkan ni fún oṣù 6. Lẹ́yìn náà, kí ọmú máa bá oúnjẹ lọ títí di ọdún 2 gbáko tí Àlùkùráánì dárúkọ.

5. Bí ara bá ń wú, tí ó ń yún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni kí á lọ.

Ẹ má ṣe na ọmọ nítorí ife mílíìkì. Ẹ kọ́kọ́ bi í bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara àti ìmọ̀ tí ń ṣeni ní àǹfààní. Àmín.