Ìgbafẹ́ ní Etíkun Barra, Salvador

Ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, ni Barra wà. Ẹnu ibi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ya wọ ilẹ̀ ni àdúgbò náà tẹ̀dó sí, ìdí nìyí tí etíkun rẹ̀ méjì kò fi jọra: ọ̀kan tutù pẹ̀sẹ̀, èkejì kún fún ìgbì àti àpáta.

Porto da Barra ni kí ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ lọ. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ìgbì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ru. Ibẹ̀ ni Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ tí ọba Pọtogí rán sí Bràsíl, gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1549 kó tó tẹ Salvador dó. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èrò a pé jọ wo oòrùn bó ṣe ń wọ inú omi lọ. Ìran yìí ṣọ̀wọ́n ní Bràsíl, nítorí ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ etíkun wọn kọjú sí.

Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ síwájú ni Farol da Barra, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Inú odi ogun àtijọ́ ló dúró sí, pẹ̀lú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kó ẹrù Sacramento sí, ọkọ̀ Pọtogí tó rì lọ́dún 1668. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, àwọn ọmọdé a máa wo ẹja wẹ́wẹ́ láàárín àpáta.

Ẹ má kúrò láìjẹ àkàrà! Àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń fi epo pupa dín in, wọ́n á là á, wọ́n á fi edé àti ata sí i nínú. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíl forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni ọdún Yemọja ní Rio Vermelho, àdúgbò mìíràn létí òkun kan náà. Láti ìdájí ni èrò ti ń tò pẹ̀lú òdòdó, ọṣẹ àti lọ́fínńdà. Àwọn apẹja ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọrẹ náà lọ sí àárín òkun. Òdòdó lásán ló dára jù, torí ike àti ìgò ń ba òkun jẹ́.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni oòrùn mú jù. Òjò ń pọ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà. Ojú ọ̀nà Barra sí àdúgbò Ondina wà lára ibi tí kánífà ń gbà, nítorí náà kí àlejò tó bá fẹ́ wá lásìkò náà tètè gba yàrá.